Rìbọ́ọ̀nù Lẹ́nu Ọ̀nà Tíátà

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé ẹnu ọ̀nà tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, lọ́jọ́ náà, rìbọ́ọ̀nù pupa kan ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n ta á láti òpó ilẹ̀kùn kan dé èkejì, wọ́n fi àárín rẹ̀ ṣe òdòdó ńlá, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé títí Àlejò Pàtàkì yóò fi dé láti gé e. Inú tíátà yẹn ni gbogbo irinṣẹ́ wa wà. Àwọn ọ̀bẹ tí mo ti sè láti àná wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ àti okùn tí a fi ń rán awọ ara wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fa ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ kúrò lẹ́nu aláìsàn náà wà níbẹ̀. Àwọn dókítà tó wá láti ìlú ńlá láti tún ètè àwọn ọmọ wa ṣe sì dúró níta, wọ́n ń wo rìbọ́ọ̀nù bí ẹni ń wo odò tó kún.

Sista Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Mo ṣe nọ́ọ̀sì tíátà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní apá àríwá Èkìtì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì wà láyé, wọ́n sì ṣì fẹ́ràn ayẹyẹ. Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa pàápàá ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà, kò sì sí ohun tí a kì í ṣí. A ń ṣí ẹ̀rọ omi tí kò tíì ní omi, a ń ṣí ọ̀nà tí kò tíì dé ibi kankan. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kú lójú àlejò.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa lè rò pé nọ́ọ̀sì tíátà kàn ń na ọ̀bẹ sí dókítà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń ka gbogbo ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti òwú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ń tún wọn kà kí a tó rán aláìsàn pa, kí a má baà gbàgbé nǹkan sínú ọmọ ọlọ́mọ. Mètírọ̀n tó kọ́ mi níṣẹ́ jẹ́ obìnrin tín-ín-rín kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ń gún mi létí lójoojúmọ́: "Dúpẹ́, ohun tí ojú rẹ bá rí ní tíátà, ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ló ṣe é, sọ ọ́." Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí mo kọ́. Ẹ máa rí bí mo ṣe ṣe é lọ́jọ́ rìbọ́ọ̀nù.

Àwọn ọmọ tí mo ń wí yìí ni àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè òkè tó là. Nínú oyún, apá ọ̀tún ojú àti apá òsì máa ń wá pàdé láàárín. Ti àwọn ọmọ mìíràn kì í pàdé, kò sì sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kan. Ti ẹlòmíràn mọ sí ètè nìkan. Ti ẹlòmíràn wọ inú lọ dé àjà ẹnu, tí ẹnu àti imú fi di yàrá kan ṣoṣo tí kò ní ògiri láàárín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè fa ọmú dáadáa, bó bá sì mu omi, omi á gba imú jáde.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú wa, a ní àlàyé tiwa. Àwọn kan ní ìyá ọmọ rìn lọ́sàn-án gangan nínú oyún. Wòlíì kan ní ayé ló fà á ya, àfáà kan ní kí wọ́n lọ wádìí lọ́wọ́ ìyá ìyá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mo gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá ọmọ lè ṣẹ̀ kí ètè ọmọ tó là. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ bàbá rí.

Nígbà tí ìwé dé pé àwọn dókítà ń bọ̀ fún ọjọ́ méjì péré, èmi ni wọ́n ní kí n lọ kéde rẹ̀. Mo dé Ìkọ̀lé, mo dé Ayégbajú, mo dé Ọ̀tùn. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ààyè-Èkìtì ni mo ti bá Ẹ̀bùn pàdé. Ọmọ ọdún méje ni, ètè rẹ̀ là, àjà ẹnu rẹ̀ là. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Bó ṣe rí mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbé abọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Mo bi ìyá àgbàlagbà tó ń gé ẹ̀gẹ́ lójúde pé, "Ẹ̀yin lẹ bí i, Màmá?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Yèyé rẹ̀ ti lọ ulé ọkọ mìíràn l'Ọ́tùn."

Mo jókòó, mo sì tú ìmọ̀ mi palẹ̀. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ rọ irú ọmọ yìí, ìyẹn ni kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sórí itan, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, kí wọ́n máa da ògì sí i bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe. Mo ṣàlàyé ẹ̀dọ̀fóró, mo ṣàlàyé ọ̀nà èémí. Màmá gé ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tán kí n tó dákẹ́.

Ó ní, "Uwọ nọ́ọ̀sì, ọmọ ẹlẹ́nu lílà mélòó luwọ ti bọ́?"

Mo ní mi ò tíì bọ́ ọ̀kankan.

"Ọdún méje ni mo ti í bọ́ èyí. Àwọn ará ulé ní kí n máa rọ ọ́. Mo rọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ògì gba umú jáde, ojú ọmọ yí. Láti ọjọ́ náà, mo í mú un jókòó ṣánṣán, mo í fi ṣíbí kékeré bù ú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Uwọ rí i? Kò kú."

Mo mú ìwé kékeré mi jáde, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, mo fi kọ́ àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí irú ọmọ náà, wọ́n sì ń yìn mí pé mo kàwé.

Màmá wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀bùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan péré. Ní àsìkò oúnjẹ, àkàrà gba imú rẹ̀ jáde, àwọn ọmọ kó abọ́ wọn, wọ́n sá lọ sí ìdí igi kejì. Láti ìgbà náà, kò tún jẹun lójú ẹnikẹ́ni mọ́, àfi lójú ìyá ìyá rẹ̀.

"Mo ti darúgbó," Màmá wí. "Bí mo bá kú, ta ni yóò bá a jẹun? Uṣẹ́ tí àwọn dókítà í bọ̀ wá ṣe, yóò jẹ́ kí ó lè bá èèyàn jẹun?"

Mi ò tíì bi dókítà kankan. Mo kàn rí ọmọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì dáhùn pé, "Yóò lè bá èèyàn jẹun, Màmá." Bí mo ṣe jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Jáyéọlá ni akọ̀wé àgbà ilé ìwòsàn wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ní ìkà nínú. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni ayẹyẹ. Bó ṣe gbọ́ pé dókítà ń bọ̀, ó ti kọ lẹ́tà sí ìyàwó ọ̀gá ńlá kan nínú ìjọba, ó ti pe ẹlẹ́rọ rédíò, ó ti háyà kánópì. Ó pè mí wọ ọ́fíìsì.

"Sista, ta ni yóò bá wa ka ìdúpẹ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Kí ni orúkọ yín?"

"Dúpẹ́ ni, sà."

"Ẹ ò wá rí i? Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ká má purọ́, inú mi dùn. Mi ò tíì di máìkì mú rí láyé mi. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ìwé tí ó fún mi, oyè sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kà á níwájú dígí. Mo ra bàtà tuntun, bàtà tí kò wúlò fún ohunkóhun ní tíátà.

Mo ṣe iṣẹ́ mi náà o. Àwọn ọmọ méjìlélógún ló sùn ní wọ́ọ̀dù mọ́jú ọjọ́ iṣẹ́, mo sì kìlọ̀ fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n máa fún lóògùn oorun kò gbọdọ̀ ní oúnjẹ nínú, nítorí bó bá sùn tán, oúnjẹ lè gòkè wá, kó gba ọ̀nà èémí, kó pa á. Kó má baà sí àṣìṣe, mo gé páálí, mo fi okùn so ó kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Orúkọ ọmọ wà lókè, nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé: KÒ GBỌDỌ̀ JẸ, KÒ GBỌDỌ̀ MU. Mo rò pé mo gbọ́n.

Àlejò Pàtàkì, ìyẹn ìyàwó ọ̀gá ńlá náà, ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́jọ. Aago mẹ́sàn-án lu, aago mẹ́wàá lu. Àwọn ọmọ ń sunkún ebi. Ọ̀gá àwọn dókítà náà jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí àwa ń pè ní Dókítà Télọ̀, nítorí ó máa ń sọ pé aránṣọ ni òun, aṣọ tí òun ń rán ni kò ṣeé tú. Nígbà tí ó sú u, ó tẹ̀ ba láti gba abẹ́ rìbọ́ọ̀nù wọlé. Jáyéọlá fà á lẹ́wù.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Lórí ìwé ètò, rìbọ́ọ̀nù ni nọ́ńbà kẹrin. Iṣẹ́ abẹ ni nọ́ńbà kẹjọ."

"Kí wá ni nọ́ńbà keje?"

Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló mọ nọ́ńbà keje. Oúnjẹ ni.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni a gbọ́ fèrè ọkọ̀ wọn. Wọ́n gbàdúrà ti Kírísítẹ́nì, wọ́n gbàdúrà ti Mùsùlùmí, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìkíni, wọ́n tún kí àwọn tó kí wọn. Nígbà tí ó kan rìbọ́ọ̀nù, a wá rí i pé kò sí ẹni tó rántí mú sísọ́ọ̀sì wá. Jáyéọlá sáré wá bá mi pé kí n mú ọ̀kan wá láti inú tíátà. Mo ní, "Ṣebí ẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé kí wọ́n tó gé e?" Ó wò mí bí ẹni tí mo ṣépè fún. Ni mo bá bọ́ bàtà tuntun, mo rá gba abẹ́ rìbọ́ọ̀nù lójú gbogbo àlejò, mo sì mú ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà jáde. Sísọ́ọ̀sì tín-ín-rín tí Dókítà Télọ̀ fi ń gé okùn lára ètè ọmọdé ni. Àlejò Pàtàkì gé rìbọ́ọ̀nù tó nípọn yẹn títí, ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta kó tó já. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Dókítà Télọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Ni wọ́n bá pè mí sórí máìkì. Bí ẹ ti mọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń ka ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ni oúnjẹ máa ń wọlé, kí ayẹyẹ lè tètè tán. Mo wà lórí orúkọ kẹrin nígbà tí mo gbójú sókè, mo sì rí àwọn ọmọbìnrin tí Jáyéọlá kó wá láti gba àlejò. Wọ́n ru ike ìrẹsì ọlọ́bẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń lọ tààrà. Wọn kò ka káàdì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé níbi ayẹyẹ, ẹni tó bá gbé káàdì kọ́rùn, àlejò pàtàkì ni, òun ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún. Ike méjì méjì ni wọ́n ń fún wọn, pẹ̀lú mínírà.

Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo rí i. Mo rí ìyá kan tó wo káàdì ọmọ rẹ̀, tó wo ìrẹsì, tó wo èmi lórí máìkì bí ẹni ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ó rò pé bí ó bá burú, màá sọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, mo di máìkì mú, ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn mi dé ọjà ọba, mo sì ń ka, "Bẹ́ẹ̀ náà ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè, Alàgbà, Onímọ̀ ẹ̀rọ…" Orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kù. Mo kà á tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí Àlejò Pàtàkì ti lọ, Dókítà Télọ̀ fọ ọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ àkọ́kọ́ wọlé. Ìyá ọmọ náà gbé e wá. Epo wà ní àgbọ̀n ọmọ.

Dókítà obìnrin tó ń fún wọn lóògùn oorun bi í pé, "Ṣé ó jẹ nǹkan?"

"Rárá o, Dókítà. Kò fi nǹkan kan kan ẹnu." Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á lé òun padà sílé. Ṣùgbọ́n hóró ìrẹsì kan wà ní imú ọmọ náà, ó hàn ketekete.

Ọ̀rọ̀ Mètírọ̀n mi dé etí mi, ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé.

Mo yíjú sí Dókítà Télọ̀, mo ní, "Dókítà, wọ́n ti jẹun. Gbogbo wọn. Mo rí i."

"Ìgbà wo lẹ rí i?"

"Nígbà tí mo wà lórí máìkì, sà."

Ó wò mí títí. "Ẹ sì ń bá ìdúpẹ́ lọ," ó wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí.

Dókítà jáde lọ sọ fún àwọn ìyá pé kò sí iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, pé ọ̀la nìkan ló kù, ọ̀la kò sì lè gba gbogbo wọn. Ẹkún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ẹkún náà ni Màmá Ààyè, ìyá ìyá Ẹ̀bùn, dìde.

"Ọmọ tèmi kò jẹun."

"Màmá, gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀," Dókítà dáhùn.

"Gbogbo wọn kọ́ ni mo í wí. Tèmi ni mo í wí."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó gbé ike ìrẹsì méjì jáde, ó tò wọ́n sórí àga. Rọ́bà tí wọ́n fi dè wọ́n ṣì wà lára wọn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. "Tèmi nìkan ni mo jẹ," ó wí. "Ebi í pa mí."

Dókítà Télọ̀ lóṣòó síwájú Ẹ̀bùn. "Kí ló dé tí o kò jẹ ẹ́?"

Ẹ̀bùn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sọ nǹkan kan tó gba imú jáde. Kò yé ẹnikẹ́ni. Màmá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, Màmá sì bá a wí i síta: "Ó ní òun kì í jẹun níbi tí èèyàn bá wà."

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo ọgbọ́n tí mo kọ sórí páálí ní yíǹkì pupa, ìrẹsì borí rẹ̀. Ìtìjú ọmọ ọdún méje ló pa òfin mi mọ́. Dókítà dìde, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́.

Kí ó tó fi ọ̀bẹ kan ètè náà, ó kọ́kọ́ fi yíǹkì aró to àmì tóótòòtó sí i, ó fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ààlà kan wà tí awọ ojú ti pàdé pupa ètè. Bí ẹ bá rán an tí apá kan ààlà náà fi ìwọ̀n irun orí ga ju èkejì lọ, gbogbo ayé ni yóò máa rí i títí ọjọ́ ikú ọmọ náà. Ó rán ti inú, ó rán iṣan, kó tó wá rán awọ. Nígbà tí ó bèèrè sísọ́ọ̀sì, mo na ọ̀kan nínú àwọn tí a ti tún sè sí i, kò gé okùn, ó kàn ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó gbé e sókè wò ó nínú iná.

"Sista, èyí ti lọ sí ayẹyẹ."

Mo fún un ní òmíràn. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ pa mí.

Nígbà tí a gbé Ẹ̀bùn jáde, Màmá fi ìka wọ́ afẹ́fẹ́ lókè ètè náà láìfọwọ́ kàn án, láti ọ̀tún dé òsì. Kò rí ibi tí ó ti já. "Ó pé," ó wí. Ṣùgbọ́n Dókítà ṣàlàyé pé ètè nìkan ni òun tún ṣe, pé àjà ẹnu ní láti dúró di ìgbà tí àwọn bá padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Títí di ìgbà náà, omi yóò ṣì máa gba imú. Màmá yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ ló bi mí léèrè ìlérí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, rédíò kéde pé gbogbo àwọn ọmọ náà ti gba ìwòsàn, pé ẹ̀rín ti kún ẹnu wọn. Àwọn ọmọ mọ́kànlélógún tí ètè wọn ṣì là ń gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì, àwọn dókítà ṣiṣẹ́ títí agbára wọn fi pin, síbẹ̀ a rán ọmọ mẹ́sàn-án padà sílé láìfọwọ́ kàn wọ́n. Mo sìn wọ́n dé ẹnu géètì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ wọ́n. Ìyá kan ní, "Sista, ẹ mọ ìwé kà dáadáa o." Mi ò mọ̀ bóyá ó fi bú mi ni.

Nígbà tí àwọn dókítà tún kọ̀wé pé àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni lẹ́tà náà kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Mo lọ bá Jáyéọlá, mo sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó pe Àlejò Pàtàkì fún Ọjọ́bọ̀, ó háyà kánópì fún Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje kò tíì lu tí ọmọ àkọ́kọ́ ti sùn lórí tábìlì wa. Jáyéọlá sáré dé ẹnu ọ̀nà tíátà, ó ń wá ibi tí yóò ta rìbọ́ọ̀nù sí. Ṣùgbọ́n a ti ti ilẹ̀kùn láti inú. A ṣe àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Dókítà Télọ̀ rán àjà ẹnu Ẹ̀bùn pa.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, kí n ṣàlàyé ìdí tí ìjọba kò fi gbọdọ̀ bá mi wí nítorí pé mo jẹ́ kí àwọn aláìsàn gba ìwòsàn kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ èsì pé mo ṣi ọjọ́ kà, pé ọjọ́ orí ni. Àlejò Pàtàkì dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó bá ọmọ mẹ́sàn-án tí ètè wọn ti pé, ó sì ya fọ́tò tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ni kúẹ́rì mi bá sọnù. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ló ń ṣáájú rìbọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn wa, Ọ̀gbẹ́ni Jáyéọlá sì máa ń sọ fún àlejò pé òun ni òun ronú rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo gbọ́ pé Màmá Ààyè ti sùn. Mi ò lè lọ síbi ìsìnkú. Ìbéèrè rẹ̀, pé ta ni yóò bá ọmọ náà jẹun, ni mo rántí, mo sì ń rò ó fún ọjọ́ púpọ̀.

Nígbà tí ó kàn mí láti fẹ̀yìn tì, wọ́n ta kánópì fún èmi náà. Jáyéọlá ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, síbẹ̀ òun ló wá kọ ìwé ètò. Orúkọ ọgbọ̀n ló tò fún mi láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dìde, mo wọ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀. Mo wà lórí orúkọ kẹfà nígbà tí mo gbójú sókè. Wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ní ìlà iwájú, láàárín àwọn olóyè àti àwọn ìyá ìjọ, ọmọbìnrin gíga kan jókòó tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àpá tín-ín-rín kan wà lókè ètè rẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí. Ẹ̀bùn ni. Ó tú rọ́bà ike rẹ̀, ó bu ìrẹsì ńlá sẹ́nu lójú gbogbo èèyàn, ó ń jẹ ẹ́, ó sì tún ń bi ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ pé ṣé ẹran ti tán ni.

Mo pa ìwé náà dé. Mo ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín," mo sì gbé máìkì sílẹ̀.

"Sista!" Jáyéọlá fò dìde. "Orúkọ mẹ́rìnlélógún ló kù!"

"Ẹ bá mi kà á, sà."

Mo lọ jókòó ti Ẹ̀bùn. Wọ́n gbé ike tèmi wá, mo gbé e lé itan, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣí i, omi ti kún ojú mi. Ẹ̀bùn wò mí. Ohùn rẹ̀ ṣì ń gba imú díẹ̀, nítorí àjà ẹnu tí a pẹ́ kí a tó rán kì í jẹ́ kí ohùn mọ́ tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló yé mi.

"Sista, ẹ jẹun. Àbí ẹ̀yin kì í jẹun níbi tí èèyàn bá wà ni?"

Ó tú rọ́bà ike mi fún mi, a sì jọ jẹun.